Katapílà Tó Wọ Ẹ̀wù Òtútù ní Kirkissoye

Èmi ni o. Má wulẹ̀ bi ẹlòmíì mọ́. Katapílà tí o rí nínú fọ́tò tó ń lọ láti fóònù dé fóònù yẹn, èyí tó rì sínú ẹrẹ̀ títí dé ìdí, tó wá jáde pẹ̀lú ẹ̀wù òtútù lẹ́sẹ̀ bí ẹni tó ń wá ọkọ̀ òfuurufú lọ sílẹ̀ Faransé, èmi Jàfárù, bàbá ẹ kékeré, ni mo yọ ọ́. Àwọn tó ń sọ pé àwọn náà wà níbẹ̀, òótọ́ ni, wọ́n wà níbẹ̀. Eṣinṣin náà wà níbẹ̀.

Ní báyìí tíyẹn ti yé ọ, jẹ́ n wá kí ọ bí bàbá ṣe ń kí ọmọ. Sùfíyánù ọmọ mi, Ọlọ́run á jẹ́ kí lẹ́tà yìí bá ọ lórí ìjókòó, kò ní bá ọ lórí àìsàn. Kútọnu ò ní lé ọ. Òkun tó wà lẹ́yìn ilé yín, etí ìlú ni á mọ, kò ní wọ yàrá yín wá kí yín. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù sí yín lára ní ọ́fíìsì, kò ní gbà ọ́ láyà. Ọ̀gá ẹ ò ní kọjá nígbà tí o bá ń tòògbé. Bá mi kí Zaynab ìyàwó ẹ, àti ọmọ inú ẹ̀ tí ẹ rò pé mi ò tíì gbọ́. Kí ìyá Zaynab fún mi gan-an, mo gbọ́ pé wọ́n ń lọ ṣe Úmúrà lóṣù tó ń bọ̀, ara líle ni wọ́n á fi lọ, ara líle ni wọ́n á fi bọ̀. Mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ kí o bá mi sọ fún wọn, àmọ́ ó di ìparí lẹ́tà.

Mo mọ̀ pé ara ẹ máa ń rí bákan tí mo bá pè ọ́ ní ọmọ mi, torí o ti ń wọ ṣòkòtò kí wọ́n tó bí mi. Ìyẹn ò yí nǹkan kan padà. Bàbá tó bí ọ, ẹ̀gbọ́n mi Àbdùlkàdír, Ọlọ́run á kẹ́ ẹ, òun ni Màmá fi ṣe àkọ́bí, èmi ni wọ́n fi ṣe àbígbẹ̀yìn, obìnrin ni gbogbo àwọn tó wà láàárín wa. Ọjọ́ tó ti kú ni ipò ẹ̀ ti bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ta ló jókòó síbi bàbá ọkọ lọ́jọ́ tí wọ́n so yìgì ẹ? Èmi náà ni, nínú agbádá Àbdùlkàdír tó ń gbálẹ̀ tẹ̀lé mi. Torí náà nígbà tí o pè mí ní Jímọ̀ tó kọjá, tó jẹ́ pé ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹ ni pé Jàfárù ṣé òótọ́ ni, láìsí ẹ káàárọ̀, láìsí bàbá kékeré, tí fóònù wá gé, kì í ṣe nẹ́tíwọ̀kì. Èmi ni.

Orí ìwé ni mò ń kọ èyí sí, màá wá fi fóònù ya àwòrán ẹ̀ fi ránṣẹ́ sí ọ. Tí o bá rí i pé mo kọ ọ́ wínníwínní, dátà ni mò ń ṣọ́, àwọn lẹ́tà gbàǹgbà yẹn ló máa ń jẹ dátà. Mo fẹ́ràn fóònù yìí. Ohun gbogbo tí mo bá fi ránṣẹ́ ló máa ń máàkì, á kọ́kọ́ fún mi ní ẹyọ kan, á tún fi ẹyọ kan kún un, tó bá wá dùn mọ́ ọn nínú gidi á fi búlúù kùn ún. Gbogbo ìgbà tí mo lò nílé ìwé Faransé kí n tó kúrò níbẹ̀, tíṣà ò fún mi ní ẹyọ kan rí. Wọ́n ní mo fi ìwé sílẹ̀. Ìwé ló pàdánù mi.

Àwa ńlé ní Niamey wà dáadáa. Màmá wà, ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, ẹnu ò dùn wọ́n. Nǹkan tó fẹ́ bá wa jà lọ́dún yìí ni omi. O mọ bí ilé wa ṣe rí, òun ni àkọ́kọ́ lẹ́yìn díìgì, ògiri iyẹ̀pẹ̀ gbọọrọ tí wọ́n fi ya Odò Ọya sọ́tọ̀ kúrò lára oko ìrẹsì àti ilé àwa èèyàn. Òjò kan tó rọ̀ bí ẹni ń bínú ló gé díìgì yẹn lójú kan, ojú ibi tó gé sì kọjú sí ẹnu ọ̀nà yàrá Màmá gan-an, bí ẹni pé ẹnì kan fi okùn wọ̀n ọ́n. Omi ò tíì dé ibẹ̀ nígbà yẹn o, àmọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi tó ń bọ̀ láti òkè odò ní ó ń bọ̀ lẹ́yìn àwọn, pé ó pupa, pé ó ń gbé igi bọ̀. Tí wọn ò bá dí ihò yẹn kó tó dé, yàrá Màmá ló máa kọ́kọ́ wọ̀.

Àsmá'ù ẹ̀gbọ́n mi gba takisí láti àdúgbò wọn ní Dar es Salam, níbí náà ní Niamey, wá, ó ní kí Màmá máa bọ̀ nílé òun. Màmá ní àwọn ò lọ síbì kankan. Wọ́n ní àwọn ò ní lọ kú sílé ọkọ ọmọ àwọn kí wọ́n wá máa sọ pé àlejò kú sí wọn lọ́rùn. Àsmá'ù ní ta ló ń sọ̀rọ̀ ikú, omi ni òun ń sọ. Màmá ní ohun kan náà ni, pé tí omi bá fẹ́ àwọn, ó mọ ilé. Ìwọ náà mọ̀ wọ́n. Láti ìgbà tí wọ́n ti ti Mẹ́kà dé, nígbà tí imú wa ṣì ń ṣàn, ni wọ́n ti di ẹrù wọn. Lìkáfánì wọn, aṣọ funfun tí wọ́n ní ká fi sin àwọn, ọ̀hún ni wọ́n ti rà á, wọ́n rẹ ẹ́ sínú omi sámúsámù, wọ́n fi tùràrí sí i, wọ́n fi òwú aláwọ̀ ewé dì í. Lọ́dọọdún, tí òjò bá ti dáwọ́ dúró, wọ́n á gbé e síta, wọ́n á sá a sóòrùn, wọ́n á jókòó tì í, tí èèyàn bá ń kọjá wọ́n á ní kó fa òjìji ẹ̀ kúrò lára ẹ̀. Ẹni tó ti palẹ̀ mọ́ tó báyẹn, takisí wo ló máa gbé e? Àsmá'ù sunkún lọ sílé. Ohun tó wá kù ni pé kí wọ́n dí ihò.

Kọ́ńpìnnì tó ń ṣe díìgì gbé katapílà kan wá, irú èyí tó ní ọwọ́ gígùn kan níwájú tó fi ń bu ilẹ̀ bí ẹni ń bu ẹ̀bà, tó sì jẹ́ pé kò ní táyà, irin ni wọ́n so mọ́ irin tó ń yí po lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Zùbáír ló ń wà á, ọmọ Hausa kan tí kì í bọ́ jígí dúdú ojú ẹ̀ àní nínú òjò. Ọ̀gá gbogbo wọn ni wọ́n ń pè ní Ṣẹ́ẹ̀fù, ọkùnrin kan tó mọ́ tónítóní, tó máa ń bá fóònù sọ̀rọ̀ ju bó ṣe ń bá èèyàn lọ. Hàdìzà, obìnrin ẹ̀yà Zarma tó ni oko ìrẹsì ìsàlẹ̀, dúró sójú ọ̀nà, ó ní kí wọ́n gba òkè, pé ojú ibi tó gé yẹn kì í ṣe ilẹ̀, omi ló fi iyẹ̀pẹ̀ bora, pé ó ti gbé màlúù kan mì rí, ìwo nìkan ni wọ́n rí sin. Zùbáír ní katapílà kì í ṣe màlúù. Hàdìzà ní òótọ́ ni, màlúù ṣeé pa jẹ. Zùbáír rẹ́rìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ lọ.

Ẹsẹ̀ òsì ló kọ́kọ́ wọlẹ̀, tọ̀tún ní kí wọ́n má fi òun sílẹ̀. Kò pariwo. Ó rọra ń lọ sílẹ̀ bí àgbàlagbà tó fẹ́ jókòó sórí ẹní. Ohun tó wá burú níbẹ̀ ni pé inú ihò yẹn gan-an ló rì sí. Ihò tó wá dí ló fi ara ẹ̀ há sí. Típà tó kó amọ̀ wá ò lè kọjá, amọ̀ ò ṣeé dà, omi sì ń bọ̀. Màmá gbé àga sẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, wọ́n ń wò ó. Wọ́n ní ó dáa bẹ́ẹ̀, àlejò kan ti dé ṣíwájú èkejì.

Zùbáír kọ́kọ́ ní òun á fi agbára yọ. Èéfín dúdú bò wá, katapílà ta ẹrẹ̀ sí gbogbo ẹni tó wà lẹ́yìn ẹ̀ lójú, títí kan Ṣẹ́ẹ̀fù tó mọ́ tónítóní, bó sì ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ló túbọ̀ ń wọlẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀fù ní kí típà fà á. Wọ́n so okùn wáyà mọ́ ọn, típà fà, fà, fà, wáyà já, ó fọn lórí wa bí ejò tí wọ́n tẹ̀ nírù. Mo dọ̀bálẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Àwọn kan ní ẹ̀rù ló bà mí. Mò ń yẹ abẹ́ katapílà wò ni. Nígbà tí mo máa dìde, típà náà ti rì, wọ́n ti di méjì. Ibẹ̀ ni Ṣẹ́ẹ̀fù ti wá bá mi, ó gbé ẹ̀wù kan tó ń tàn yanran fún mi, irú èyí tí wọ́n fi ń rí èèyàn lókèèrè, ó ní níwọ̀n ìgbà tí mi ò ti fẹ́ lọ sílé, kí n wọ̀ ọ́ kí wọ́n lè tètè rí òkú mi. Báyẹn ni àwọn ọ̀gá ṣe máa ń gba èèyàn síṣẹ́, wọn kì í sọ ọ́ tààrà. Mo wọ̀ ọ́ lọ kírun Jímọ̀. Lèmọ́mù wò mí títí ó fi gbàgbé ibi tó dé nínú wáàsí.

Wọ́n tún ní kí katapílà mìíràn wá láti òdìkejì odò. Ó gba orí afárá Kennedy wá, kábúkábú gbogbo ń fọn fèrè lẹ́yìn ẹ̀. Ẹni tó wà á dúró lókè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó wo katapílà tó rì, ó wo típà tó rì, ó ní kí wọ́n fún òun lómi mu, ó mu ún tán, ó padà sínú tiẹ̀. Ó ní òun ní ìyàwó nílé. Zùbáír pariwo láti inú ẹrẹ̀ pé òun náà ní. Ọkùnrin yẹn ní kó bá òun kí i.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá kan iṣẹ́ ẹ nìyí. Fóònù Ṣẹ́ẹ̀fù dún, ó gbé e, Faransé ń jáde lẹ́nu ẹ̀, ojú ẹ̀ ń yí padà. Ó ní àwọn tó ni katapílà ló ń pè láti òkè òkun, pé katapílà ti sọ fún wọn pé òun ò rìn mọ́, pé òun sì ti dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Sùfíyánù, kò sẹ́ni tó rán an. Òun fúnra ẹ̀ ló lọ fẹjọ́ ara ẹ̀ sùn. Wọ́n ní nǹkan kan wà nínú ẹ̀ tó ń bá nǹkan kan tó wà lójú ọ̀run sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ yẹn la ò ti sọ̀rọ̀ tó burú létí ẹ̀ mọ́, tí Zùbáír bá fẹ́ bú u, á kọ́kọ́ rìn jìnnà. Èmi ní tèmi, mo máa ń kí i tí mo bá dé láàárọ̀, mo sì máa ń sọ orúkọ mi sí i létí, Jàfárù ti Kirkissoye, kó lè pè é dáadáa tó bá tún ń ròyìn. Ìwọ tó jẹ́ pé ọkọ̀ ẹlòmíì lo máa ń jókòó wò nínú kọ̀ǹpútà láti àárọ̀, bá mi bẹ ohun ojú ọ̀run yẹn kó wo Kirkissoye. Á rí ẹnì kan nínú ẹ̀wù tó ń tàn, tó gbójú sókè, tó rẹ́rìn-ín kí eyín lè hàn. Èmi ni.

Lẹ́yìn náà ni Ṣẹ́ẹ̀fù rán mi lọ sọ́jà Katako pé kí n ra pákó, torí ó gbọ́ pé gbogbo ọjà ló mọ̀ mí. Wọ́n mọ̀ mí lóòótọ́, ìyẹn ni mo ṣe gba ẹ̀yìn wọlé. Mo fúnra mi yan pákó, mo fi ọwọ́ gbá a, mo gbọ́ ohùn ẹ̀. A tẹ́ ẹ síwájú katapílà, Zùbáír gùn ún, irin ń yọ̀ lórí pákó bí ẹsẹ̀ ẹni tó tẹ ọbẹ̀ ilá, ni pákó kan bá fò jáde lẹ́yìn, ó kọjá níwájú imú Hàdìzà. Hàdìzà ní ta ló yan pákó yìí. Gbogbo wọn yíjú sí mi. Ẹ̀wù tó ń tàn ò dáa fún ẹni tó fẹ́ sá pamọ́.

Ó wá yẹ kí n sọ̀rọ̀ ọjà mi. O rántí pé mo ní mi ò lè máa ta ánkárá àti léèsì bí Bàbá wa ṣe tà á títí tó fi kú, mo ti bọ́ sínú òkìrìkà, èyí tí wọ́n ń pè ní gwánjò níbí. Mo ra bélì méjì, ẹrù aṣọ ńlá tí wọ́n fi okùn dì, láìtú u wò, torí ẹni tó tà á fún mi ní ojúlówó ni. Ojúlówó ni. Ẹ̀wù òtútù ni, ti àwọn òyìnbó tó ń gbé inú yìnyín, ó nípọn bíi tìmùtìmù, irun wà létí fìlà ẹ̀. Ìwọ náà mọ oòrùn Niamey. Hàdìzà bi mí bóyá fíríìjì ni mo fẹ́ máa tà á fún. Màmá gbà kí n tò ó sórí pẹpẹ òkè nínú yàrá àwọn, torí kò sí àyè níbòmíì, wọ́n ní gbogbo ọdún tí àwọn fi bá Bàbá mi ta aṣọ, àwọn ò tíì rí ọjà tí olè gan-an máa dá padà, àfi èyí. Tí wọ́n bá dùbúlẹ̀ tí ojú wọn bọ́ lé e, wọ́n á ní súbúhánálláhì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, òjò wẹliwẹli ń rọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ dúró nínú omi dé orúnkún, eyín wọn ń gbá ara wọn. Mo ní ọjọ́ ajé mi ti dé. Màmá wà lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń ṣe àlùwàlá, mo wọ yàrá wọn, mo sọ bélì tó súnmọ́ mi kalẹ̀, èyí tó ti là lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí apá ẹ̀wù ti ń yọ síta, mo gbé e sórí kẹ̀kẹ́ ẹrù, mo tì í lọ bá wọn. Mo ní ẹ̀wù rèé, ó gbóná bí ilé ìyàwó. Kò sẹ́ni tó rà á. Ẹnì kan wọ̀ ọ́ wò, ó tún bọ́ ọ, ó ní òun ò fẹ́ kú nígbà méjì.

Ibẹ̀ la wà tí Hàdìzà fi ké pé omi. Ó tín-ín-rín bí okùn, ó pupa, ó ń gba abẹ́ katapílà kọjá sọ́nà ilé wa. Kò kánjú. Ó ń lọ sọ́dọ̀ Màmá bí ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ pè. Zùbáír bọ́ jígí dúdú ẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa rí ojú ẹ̀ nìyẹn, ojú ẹ̀ kéré. Ó ní kí n kúkú gbé ẹ̀wù mi fún katapílà jẹ, pé òun nìkan ló jọ ẹni tó lè rà á. Ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣe, àwọn kan tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. O rántí pé nígbà tí kẹ̀kẹ́ ẹrù Bàbá wa bá há sínú ẹrẹ̀ lọ́nà ọjà, kì í wá igi, kì í wá òkúta, àkísà ló máa ń ki sábẹ́ táyà, á ní ẹni tó ń ta aṣọ, aṣọ ló ń yọ ọ́. Mo bi Ṣẹ́ẹ̀fù. Ṣẹ́ẹ̀fù ní kí n ṣe ohun tó bá wù mí, pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ òun tán. Mo gbà á bí àṣẹ.

Mo fi ọ̀bẹ gé okùn bélì, ẹ̀wù tú jáde bí ẹni tó ti ń di èémí mú. Zùbáír fi ọwọ́ gígùn katapílà gún ilẹ̀ líle tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tì í, ẹ̀gbẹ́ kan dìde díẹ̀, a ki pákó sábẹ́ ẹ̀, a wá ń ki ẹ̀wù sáàárín irin àti pákó, a ń ki, a ń ki, ó yí sí ẹ̀gbẹ́ kejì, a tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ń ba àwọn yòókù láti súnmọ́ abẹ́ ẹ̀. Ẹ̀rù ba èmi náà, àmọ́ ọwọ́ mi ò mọ̀. Mò ń kì í wọlé wìtìwìtì, mi ò wo àwọ̀, mi ò wo gígùn. Zùbáír tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́. Irin gbá ẹ̀wù mú, kò yọ̀ mọ́. Ó mì, ó kérora, ó tún mì. Ó jáde.

Ó jáde, Sùfíyánù! Gbogbo ẹsẹ̀ ẹ̀ ni ẹ̀wù wé mọ́, búlúù, pupa, apá ẹ̀wù ń juwọ́ sí wa bí irin ṣe ń yí. Ibẹ̀ ni fọ́tò tí o rí yẹn ti wá. Tí o bá wò ó dáadáa, wàá rí aṣọ funfun gígùn kan tó ń wọ́ tẹ̀lé e lẹ́yìn nínú ẹrẹ̀. Hàdìzà ló kọ́kọ́ rí i, ó ké bí wọ́n ṣe máa ń ké nílé ìgbéyàwó, ó ní ẹ wá wò ó o, katapílà gbé ìyàwó. Gbogbo wa gbà pé aṣọ ìyàwó òyìnbó ni, pé ẹnì kan ló gbàgbé ẹ̀ sínú bélì. Zùbáír fọn fèrè fún un. Mo jó.

Wọ́n fi katapílà náà fa típà jáde, amọ̀ dé, wọ́n dí ihò, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Omi ńlá dé lóòótọ́, ó pupa, ó ń gbé igi, ó fi imú kan díìgì, kò rí ọ̀nà, ó bá tiẹ̀ lọ. Ẹnu ọ̀nà Màmá gbẹ táútáú. Wọ́n pè mí, wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n ṣàdúrà fún mi, ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi nìyẹn tí Màmá máa ṣàdúrà fún mi tí wọn ò ní fi àmọ́ parí ẹ̀.

Mi ò fẹ́ yọ ọ́ lẹ́nu, ọmọ mi, mo mọ̀ pé Kútọnu ń náni. Fi nǹkan díẹ̀ ránṣẹ́ fún dátà, kí fóònù lè máa máàkì mi. Fi díẹ̀ kún un fún ọjà tuntun, torí katapílà ti jẹ ìdajì ọjà mi. Ẹnì kan ní Katako ní bélì bàtà kan, irú èyí tí àwọn òyìnbó fi ń sáré lórí yìnyín, ó ní ẹlòmíì ò tíì béèrè ẹ̀, èmi lòun á kọ́kọ́ fún.

Ọ̀rọ̀ ìyá Zaynab wá kù. Bá mi sọ fún wọn pé tí wọ́n bá dé Mẹ́kà, kí wọ́n ra aṣọ funfun kan wá, èyí tí wọn ò rán, tó lè yí obìnrin tó ga bíi Màmá po dáadáa. Kí wọ́n rẹ ẹ́ sínú omi sámúsámù, kí wọ́n sá a gbẹ, kí wọ́n fi tùràrí sí i, tùràrí àtijọ́ o, kì í ṣe tọ̀dọ́. Tí wọ́n bá lè máa jókòó lé e nínú ọkọ̀ òfuurufú, kó lè rún bí ohun tó ti pẹ́ nílẹ̀, Ọlọ́run á san án fún wọn. Ti òwú aláwọ̀ ewé, kí wọ́n má ṣèyọnu. Òwú náà wà lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́ tí Màmá ṣàdúrà fún mi yẹn, tí mo ti fẹ́ dìde, wọ́n ní kí n tún jókòó. Wọ́n ní Jàfárù, Ọlọ́run á bù kún ọjà tí kò tà. Wọ́n ní nígbà tí ariwo omi ń pọ̀, àwọn rò ó pé àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ti rẹlẹ̀ jù, àwọn wá gun àga, àwọn ki lìkáfánì àwọn sínú bélì ẹ̀wù mi, èyí tó là lẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn tì í dé àárín gbùngbùn, torí nínú gbogbo ilé yìí, ibẹ̀ nìkan ló dá àwọn lójú pé ọwọ́ ẹnì kankan ò ní dé. Wọ́n ní tí òjò bá ti dáwọ́ dúró, kí n bá àwọn sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí àwọn lè sá a. Bélì kejì ṣì wà lórí pẹpẹ, wọ́n gbójú sókè wò ó, wọ́n rò pé òun ni, ọkàn wọn balẹ̀. Mo ní ẹ má ṣèyọnu, Màmá.

Mo sáré padà lọ bá Zùbáír. Ó ti fi ọ̀bẹ gé e kúrò lára irin. Èyí tó tóbi jù nínú ohun tó kù ò lè bo adìẹ, gíríìsì sì ti mu ún dúdú. Àmọ́ tí èèyàn bá gbé e súnmọ́ imú, òórùn tùràrí ṣì wà nínú ẹ̀, lábẹ́ gíríìsì.

Nǹkan kan ṣoṣo tó yẹ̀ nìyẹn. Ìyókù lọ bí mo ṣe sọ ọ́. Má jẹ́ kí Àsmá'ù gbọ́, sì bá mi sọ fún ohun ojú ọ̀run yẹn pé èmi nìkan ni kó máa fi han èèyàn, kó má fi ẹsẹ̀ katapílà hàn. Ọlọ́run á bá wa fa ẹ̀mí Màmá gùn, wọ́n á rí ọmọ ẹ, wọ́n á sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n á bú u. Tí o bá kírun, kó o wá bá bàbá ẹ kékeré ṣàdúrà kan sí i. Bẹ Ọlọ́run kí òjò má tíì dáwọ́ dúró. Òjò àná kàn ta sí wa lára ni.